Àgbéyẹ̀wò ilé ìtọ́jú chiropractic kan ní Wuse, Àbújá: ìbàdí mi yá, ọrùn mi kò tíì yá

Ọ̀rọ̀ kan tí ọ̀gá ilé ìtọ́jú náà, níbi tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ tẹ eegun ẹ̀yìn àti ọrùn láti wo ìrora, sọ fún mi lórí fóònù ló mú mi jókòó kọ èyí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí ó yí mi lọ́rùn, mo pè é, mo ṣàlàyé fún un pé òòyì ń kọ́ mi, pé ìpákọ́ ń fọ́ mi, àti pé àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún mi àti ìka tó tẹ̀ lé e ń ta mí, wọ́n sì ń kú mọ́ mi lọ́wọ́. Èsì rẹ̀ ni pé àmì pé ara ti ń gba ìtọ́jú nìyẹn, kí n tètè máa bọ̀ kí òun tún un yí lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó dára níbẹ̀, nítorí ó wà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí ní Federal Secretariat, Kubwa ni mò ń gbé, àti pé láàárín ìjókòó nídìí kọ̀ǹpútà àti sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ojú ọ̀nà márosẹ̀ Kubwa, ìbàdí mi ti di ohun tí mò ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú kí n tó lè dìde. Ẹ̀gbọ́n kan nínú ìjọ wa ló júwe ibẹ̀ fún mi. Ibẹ̀ mọ́ tónítóní, wọn kì í jẹ́ kí èèyàn jókòó pẹ́, ọ̀gá náà sì mọwọ́ ìbàdí: ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wá ibi tó ń dùn mí, ó ń bi mí léraléra bóyá ó ti pọ̀ jù, mo sì sùn mọ́jú lálẹ́ ọjọ́ náà, ohun tí n kò ṣe láti ìgbà ọyẹ́. Bó ṣe ń tẹ̀ mí ló ń sọ ìtàn Daniel David Palmer, tó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Davenport, ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1895, àti ti Harvey Lillard, tí wọ́n ní etí rẹ̀ tó ti di là lẹ́yìn tí Palmer tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn. Etí tèmi kò di, ṣùgbọ́n mo gbádùn ìtàn náà.

Lọ́jọ́ tí wàhálà dé, ìbàdí ni mo tún bá lọ. N kò fẹnu ba ọ̀rọ̀ ọrùn rárá. Ó ní kí n dojú sókè, ó fi ọwọ́ kan sábẹ́ àgbọ̀n mi, ó fi èkejì gbá ìpákọ́ mi mú, ó ní kí n mí síta, kí n sì máa ronú nípa oúnjẹ tí mo fẹ́ràn jù. Ọ̀fadà ni mò ń rò lọ́wọ́ tí ó fi já ọrùn mi sí apá òsì lójijì, tó dún kọ́! Kí n tó la ẹnu, ó ti já a sí apá ọ̀tún. Inú rẹ̀ dùn sí ariwo náà, ó ní eegun ti wọ àyè rẹ̀. Kò sí ẹni tó bi mí bóyá mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, bẹ́ẹ̀ oògùn rẹ̀ wà nínú báàgì mi lórí àga níbẹ̀. Nígbà tí mo ń lọ sílé, ojú ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í yí mọ́ mi lójú, mo gé ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo sì pe ọkọ mi kó wá gbé mi.

Nígbà tí mo padà lọ bi í ohun tí ó ṣe fún mi gan-an, ìwé iye owó ni ó gbé síwájú mi: bí mo bá san owó ìtọ́jú ọrùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò dín in kù fún mi. Mo bínú débi pé n kò lè sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin tó ń gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló tẹ̀ lé mi jáde bí ẹni fẹ́ fún mi ní ríṣíìtì, tó rọra sọ pé, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún fọwọ́ kan ọrùn yín o. Ọsibítù ńlá ni kí ẹ gbà lọ lónìí." Ó ti kọ nọ́ńbà ẹ̀ka físíò kan, àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé, sẹ́yìn ríṣíìtì náà. Bí kò bá sí ti ọmọ yìí, ohun mìíràn ni ẹ̀ bá máa kà níbí.

Dókítà ní kí n fi ojú tẹ̀ lé ìka òun, kí n fi ìka kan imú, kí n rìn lórí ìlà kan ṣoṣo. Ó ṣàlàyé pé eegun méje ló wà nínú ọrùn, pé iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ọpọlọ ń gba inú ihò ara mẹ́fà tó wà lókè nínú wọn, àti pé bí wọ́n bá já ọrùn lójijì, awọ inú iṣan náà lè ya, kí ẹ̀jẹ̀ dì síbẹ̀, kó sì yọrí sí àrùn rọpárọsẹ̀. Kì í wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n òòyì, ìpákọ́ fífọ́, kí ojú máa rí ẹyọ kan ní méjì, tàbí kí ọ̀rọ̀ máa lọ́ mọ́ni lẹ́nu lẹ́yìn irú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé sùn. Wọ́n ya àwòrán iṣan ẹ̀jẹ̀ mi; ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, kò sí èyí tó ya. Obìnrin tó ń tọ́jú mi ní ẹ̀ka físíò sọ pé iṣan ìmọ̀lára tó jáde láàárín eegun ọrùn karùn-ún àti ìkẹfà ló ń bínú, òun ló ń lọ sí àtàǹpàkò, àti pé afẹ́fẹ́ inú omi oríkèé ló ń dún kọ́, kì í ṣe eegun tó ń wọ àyè rẹ̀. Títí di ìsinsìnyí, bí mo bá wo ẹ̀yìn láti fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn, òòyì ṣì ń fẹ́ kọ́ mi, apá ọ̀tún ọrùn mi sì máa ń gan ní àárọ̀.

Ohun tó wá dà mí lọ́kàn rú ni pé nígbà tí mo béèrè owó ìtọ́jú ìbàdí tí mo ti san sílẹ̀, ọ̀gá náà kò jiyàn. Owó ti wọ àkáǹtì mi kí n tó dé ilé. Ìbàdí náà kò sì tíì dùn mí mọ́. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Ẹni tí ìbàdí ń dà láàmú lè lọ, ṣùgbọ́n kó ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì òun, kó sì tún fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ kó tó gun orí bẹ́ẹ̀dì, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí òun lọ́rùn.