Áàpù Couch to 5K ti NHS: ṣé dandan ni kí eré sísá máa dunni?

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ọ́: áàpù yìí, tí NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba níbí, fi ń kọ́ ẹni tí kì í sáré títí á fi lè sá kìlómítà 5 (5K), dáa, ọ̀fẹ́ ni, tẹ́ ẹ bá wà ní ìlú ọba níbí tẹ́ ẹ sì ti ń rò ó lọ́kàn pé ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ẹ lọ gbé e sórí fóònù yín lónìí. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti gbà pé ìyà ni eré sísá, pé ìrora ló wà nínú ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, nítorí náà ohun tí mo fi ń wọn áàpù yìí nìyẹn, ṣé ó ń jẹ́ kéèyàn sáré kí ara má máa ké, àbí ohùn dídùn lásán ni wọ́n fi ń tàn wá.

Ó níbi tí ọ̀rọ̀ ìyà yẹn ti wá o. Àwa tá a lọ síléèwé nílé, ta ló fi eré sísá hàn wá bíi nǹkan ìgbádùn? Tó o bá pẹ́ dé àsẹ́ḿbílì, wọ́n á ní kó o sá yípo pápá. Tó o bá pariwo ní kíláàsì, frog jump ló kàn. Eré kan ṣoṣo tó dùn ni ti inter-house, ìyẹn sì jẹ́ ti àwọn tó lè sá 100 mítà, àwa yòókù wà lábẹ́ kánópì tá à ń pàtẹ́wọ́. Àwọn àgbà náà tún ní a kì í sáré lásán nínú ẹ̀gún, bí a ò lé ejò, ejò ń lé wa. Ẹ wá wo ìyá ọlọ́mọ tó wọ kánfáàsì láàárọ̀ tó ń sá lọ ní Burgess Park ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ Yorùbá tó bá pàdé ẹ̀ á kọ́kọ́ bi í pé ṣé kò sí nǹkan o?

NHS gbé áàpù yìí jáde ní 2016, ṣùgbọ́n ètò tó wà nínú ẹ̀ ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Josh Clark ló kọ ọ́ ní 1996, torí ó fẹ́ kí ìyá ẹ̀ lè dìde kúrò lórí àga. Ọ̀sẹ̀ 9 ni, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, wọ́n sì ní kí ọjọ́ ìsinmi wà láàárín ọjọ́ eré kan sí òmíì. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wàá rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 5, lẹ́yìn náà wàá sáré fún sẹ́kọ́ǹdì 60 péré, wàá rìn fún sẹ́kọ́ǹdì 90, bẹ́ẹ̀ lẹ ó ṣe máa ṣe é títí ìṣẹ́jú 20 á fi pé. Ẹ gbé íàpíìsì sétí, ẹ gbé orin tiyín sí i, ohùn ẹni tẹ́ ẹ bá yàn á máa wọlé láti sọ fún yín pé ó yá ẹ sáré, ó yá ẹ máa rìn. Michael Johnson, asáré ọmọ Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó ti gba ohùn sílẹ̀ fún un, Denise Lewis, eléré ìdárayá ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, náà wà níbẹ̀. Denise ni mo yàn, torí ohùn ẹ̀ dà bíi ti ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ kó yéni.

Rírìn yẹn ni ọgbọ́n ibẹ̀ wà, ó sì dùn mọ́ mi débi pé mo ti sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn. Ọ̀pọ̀ nǹkan tá à ń pè ní ìrora eré, iyára àṣejù ni. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ láìlo áàpù kankan, ó kàn gbéra nílé ó sì mú eré pa bí ẹni tí bọ́ọ̀sì fẹ́ já sílẹ̀, kò tíì dé ìkángun àdúgbò tí ẹ̀gbẹ́ ti ń gún un, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó wá lóun ò ṣe mọ́, eré kì í ṣe tòun. Wọn ò sọ fún un pé ó yẹ kéèyàn lè sọ̀rọ̀ tó já gaara bó bá ṣe ń sá lọ, tí ọ̀rọ̀ ò bá lè jáde lẹ́nu ẹ, dẹwọ́ eré ọ̀hún. Ohun míì tún ni pé ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró tètè máa ń mọ́ eré lára, ṣùgbọ́n iṣan tó so ẹran mọ́ egungun àti egungun fúnra ẹ̀ kì í tètè mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí èèyàn á fi máa rò pé òun ti lágbára tán nígbà tí ojúgun ṣì ń bẹ̀bẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, áàpù yìí mọ òwe yẹn bí ò tiẹ̀ gbọ́ Yorùbá.

Ṣé ìrora ò wá sí rárá ni? Ó wà, mi ò ní purọ́ fún yín. Itan á ro yín, ẹ̀yìn ojúgun á le, ó sì máa ń le jù ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, tẹ́ ẹ bá ń sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀ ẹ ó mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ò burú, ara tó ń kọ́ iṣẹ́ tuntun ni. Èyí tí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ fojú kéré ni èyí tó dúró sójú kan ṣoṣo, tó mú bí abẹ́rẹ́, tó ń pọ̀ sí i bẹ́ ẹ ṣe ń sá, tàbí tó ń jẹ́ kẹ́ ẹ tiro, ẹ dúró níbẹ̀ yẹn, ẹ má fi àdúrà tì í. Tó bá jẹ́ àyà ló ń dùn yín tàbí òòyì ń kọ́ yín, ẹ wá ìtọ́jú kíákíá. Tó bá sì ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti mira gbẹ̀yìn, tàbí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó ti pẹ́ nídìí eré gan-an ò sọ pé kò dùn wọ́n. Olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà, Ashley Samson, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní kí àwọn asáré ọ̀nà jíjìn 10 máa sọ gbogbo ohun tó bá wá sí wọn lọ́kàn síta bí wọ́n ṣe ń sá lọ, ẹ̀rọ sì ń gbà á sílẹ̀. Nínú 100 èrò, bíi 32 jẹ́ ti ìrora àti ìnira, bíi 40 jẹ́ ti bí wọ́n ṣe ń yára sí àti bó ṣe kù sí, èyí tó kù jẹ́ ti ohun tó wà láyìíká wọn. Ẹ ò rí i pé ìrora wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló gba gbogbo ilé. Èyí ló jẹ́ kí n tún fẹ́ràn áàpù yìí sí i, torí ó gba wàhálà "ó ku mélòó" kúrò lọ́wọ́ ẹ, ohùn yẹn á ní o ti dé ìdajì, á ní ó ku ìṣẹ́jú kan, ìwọ sáà máa gbé ẹsẹ̀.

Wọ́n tún ṣe ìwádìí míì ní Póláńdì, Przemysław Bąbel ló ṣe é, ó bi àwọn 62 tó sá máràtọ́ọ̀nù ní Kraków léèrè bó ṣe dùn wọ́n tó nígbà tí wọ́n parí eré, ó wá tún bi wọ́n lẹ́yìn oṣù 3 tàbí oṣù 6. Ìrora tí wọ́n fún ní máàkì 5.5 lọ́jọ́ eré ti di 3.2 nígbà tí wọ́n ń rántí ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bímọ, mi ò ní láti ṣàlàyé ìyẹn fún yín, ẹni tó lóun ò bí mọ́ láé ní lábọ̀ rúùmù náà ló ń gbé ìkejì pọ̀n yẹn.

Ọ̀sẹ̀ 5 ni gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù. Eré kejì ọ̀sẹ̀ yẹn, ìṣẹ́jú 8 lẹ ó sá, ẹ rìn 5, ẹ tún sá 8. Eré kẹta, ìṣẹ́jú 20 gbáko, kò sí rírìn. Nígbà tí mo rí i mo ní kí wọ́n tún un wò dáadáa. Ṣùgbọ́n mo sá a, mo sá a lọ́ra yípo adágún Burgess Park, mo sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ níbi tó ti fẹ́ le, ìyẹn mo kọ́ ọ lára Eliud Kipchoge, ọmọ Kẹ́ńyà tó ń sá máràtọ́ọ̀nù. Nígbà tó fi wákàtí 2 àti sẹ́kọ́ǹdì 25 sá máràtọ́ọ̀nù ní Monza ní 2017, ẹ̀rín ló ń rín bó ṣe ku díẹ̀, òun fúnra ẹ̀ sì ti sọ pé ó máa ń jẹ́ kí ara òun balẹ̀, kí ọkàn òun kúrò lórí ìrora. Ó ṣiṣẹ́ fún mi. Nígbà tí ìṣẹ́jú 20 pé, omi bọ́ lójú mi, kì í sì í ṣe ti ìrora.

Ohun tí mi ò gbà nínú ètò náà ni orúkọ ẹ̀. Ìṣẹ́jú 30 lẹ ó máa sá ní ọ̀sẹ̀ 9, ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ ò sì lè sá kìlómítà 5 láàárín ìṣẹ́jú 30, wọn ò sì gbọ́dọ̀ tìtorí ẹ̀ rò pé àwọn ti fìdí rẹmi. Ó tún yẹ kí wọ́n tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ pé èèyàn lè tún ọ̀sẹ̀ kan ṣe, torí ara ẹni 25 kọ́ lara ẹni 55, ẹ tún un ṣe bó bá ṣe wù yín. Áàpù ò sì lè rí ẹsẹ̀ yín, kò mọ̀ pé bàtà tẹ́ ẹ wọ̀ ti jẹ tán, ẹ wá kánfáàsì tí wọ́n ṣe fún eré, ẹ̀yin obìnrin sì ra bùrèsíà eré tó dì yín mú dáadáa, ìrora tí ìyẹn ń fà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àpárá.

Tẹ́ ẹ bá parí ẹ̀, ẹ lọ sí parkrun, eré tí àwọn èèyàn jọ máa ń sá ní páàkì. Paul Sinton-Hewitt ló dá a sílẹ̀ ní Bushy Park ní 2004, ọ̀fẹ́ lòun náà, kìlómítà 5, aago 9 àárọ̀ gbogbo Sátidé ní England, ẹ kàn máa forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ sì mú báàkóòdù yín dání. Ẹnì kan wà tí iṣẹ́ ẹ̀ ni láti máa rìn lẹ́yìn gbogbo èèyàn, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa gbẹ̀yìn nínú yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe iṣẹ́ alẹ́, tẹ́ ẹ bá jáde ní àárọ̀ Sátidé, ẹ má sá a lọ́jọ́ náà, ẹ lọ sùn, ó ń bọ̀ ní Sátidé míì.