Ẹ ṣọ́ra o: wọ́n ń rọ ayédèrú ohun ìṣojúlóge sínú ìgò ojúlówó, wọ́n sì ń tà á fún wa l'Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ìnáwó lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Obìnrin kan wà tó ń ta ohun ìṣojúlóge lórí WhatsApp. Kò ní ìsọ̀. Á ní kí ẹ pàdé òun ní Pànṣẹ́kẹ́, tàbí kí òun fi ọlọ́kadà gbé e wá bá yín nílé. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí, torí mo ti gbé ẹjọ́ náà lọ síbi tó yẹ, àti torí pé kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, kó lè jẹ́ pé ọwọ́ ẹni yòówù kí ẹ ti rí i, ẹ ó dá a mọ̀.

Ìgbéyàwó àbúrò mi ló fà á. Ọmọbìnrin tó fẹ́ bá wa kun ojú ìyàwó sọ pé owó iṣẹ́ òun á wálẹ̀ bí a bá ra ọjà fúnra wa. Mo lọ wo faundéṣọ̀n, ohun olómi tí wọ́n ń kọ́kọ́ kùn sójú, èyí tó kọ sílẹ̀ fún mi nínú ìsọ̀ kan l'Òkè-Ìlewó, ₦31,000 ni wọ́n pè é. Àyà mi já. Ìgbà náà ni ẹnì kan fún mi ní nọ́ńbà obìnrin yìí. Ó ní ₦17,000 ni tòun, pé ẹrù Dubai ni, oríjínà pọ́ńbélé, àti pé ẹni tó kó o wọlé fẹ́ tètè rí owó ni kò jẹ́ kó wọ́n. Mo ra méjì, mo fi àtíkè kan, lípsítíìkì kan àti tìróò sí i. Kó tó gbé e wá, ó ní kí n kọ́kọ́ fi owó ránṣẹ́. Mo fi ránṣẹ́.

Ó tún fún mi ní èènì. Ike funfun kékeré kan, ìpara wà nínú rẹ̀, ó ní kí ìyàwó máa fi pa ojú lálaalẹ́ kí ojú lè máa dán kí ọjọ́ tó kò. Ẹ fi èènì yẹn sọ́kàn, torí òun ló dá wàhálà tó pọ̀ jù sílẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ karùn-ún tí àbúrò mi ti ń fi ìpara yẹn pa ojú, ojú rẹ̀ mọ́ rekete. Àpá irorẹ́ tó ti wà níbẹ̀ láti ilé-ìwé gíga rá. Gbogbo ilé ń yìn ín, èmi náà ń yin ara mi pé mo mọ ọjà rà. Nígbà tó di bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ike náà tán. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tó fi í sílẹ̀ tí ojú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó ń ta á bí ẹni fi ata rodo pa á, kókó wẹ́wẹ́ sì sú yí ẹnu àti ihò imú rẹ̀ ká. Ìgbéyàwó ku ọjọ́ mọ́kànlá.

Ìgbà yẹn ni mo tó fara balẹ̀ wo àwọn ohun tí mo rà. Mo tú ẹnu ìgò faundéṣọ̀n náà, ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kó tó tú jáde. Ní inú ọrùn ìgò, lábẹ́ ibi tí wọ́n ti ń dé e, àwọ̀ méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ti gbẹ, ó fẹ́lẹ́, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí oyin. Èyí tó wà nísàlẹ̀, tó ṣì tutù, dúdú bíi kòkó. Mo mú ìgò kejì, bákan náà ni: wọ́n ti lo ti àkọ́kọ́ tán kí wọ́n tó rọ òmíràn sí i. Mo gbé ìgò àkọ́kọ́ sórí fèrèsé mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òróró ti léfòó, ohun tó dà bí ẹrẹ̀ sì ti rọ̀ sísàlẹ̀.

Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú láílọ́ọ̀nù, mo gbé e lọ bá ọ̀rẹ́ àbúrò mi kan tó jẹ́ apòògùn ní Ìbarà. Kò fọwọ́ kan ohun tó wà nínú ìgò rárá. Ó ní, “Àǹtí, ẹ bá mi ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀.” Mo ní kí ni mo fẹ́ kà nínú gbogbo gẹ̀ẹ́sì jágajàga yìí. Ó ní kí n ṣáà máa kà á, òun á máa sọ ohun tó jẹ́ fún mi.

Bí wọ́n ṣe ń kà á nìyí, kò le. Ohun tó pọ̀ jù nínú ọjà ni wọ́n máa ń kọ ṣíwájú, bó ṣe ń kéré sí i ni wọ́n ń tò ó lọ. Àwọn tí kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, àti àwọn àwọ̀, ni wọ́n lè tò bó ṣe wù wọ́n. Aqua, omi ni. Dimethicone ló ń jẹ́ kí nǹkan máa yọ̀ lára bíi sílíìkì. Petrolatum, Vaseline tí àwọn ìyá wa fi tọ́ wa ni. Parfum, òórùn dídùn ni, òun ló sì sábà máa ń yọ àwọn tí ara wọn kì í gba nǹkan lẹ́nu. Àwọn nọ́ńbà tí CI ṣíwájú wọn, àwọ̀ ni wọ́n. CI 77891 ni funfun. 77491 ni pupa, 77492 ni yẹ́lò, 77499 ni dúdú. Mẹ́ta tó kẹ́yìn yìí, inú ẹbí ìpẹtà irin ni wọ́n ti wá, àmọ́ iléeṣẹ́ ló ṣe wọ́n, tí wọ́n sì yọ ìdọ̀tí inú wọn. Àwọn ni wọ́n ń pò pọ̀ kí faundéṣọ̀n tó lè bá àwọ̀ àwa èèyàn dúdú mu. Mi ò mọ̀ rí pé ìpẹtà ni mo ti ń kùn láti ọjọ́ yìí, ó sì wù mí gan-an láti mọ̀ ọ́n.

Ibi tí àṣírí ti tú nìyí. Lára páálí, Aqua ló ṣíwájú. Lára ìgò tó wà nínú páálí yẹn kan náà, Talc ló ṣíwájú, Mica ló tẹ̀ lé e, kò sì sí omi níbẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Apòògùn yìí bi mí pé, “Àǹtí, talc, kí ni wọ́n ń fi ṣe?” Mo ní àtíkè. Ó ní, “Ohun tó ń ṣàn bí omi lọ́wọ́ yín yìí, báwo ni àtíkè ṣe máa pọ̀ jù nínú rẹ̀ tí omi ò ní sí níbẹ̀?” Bébà ara àtíkè ni wọ́n bó lẹ̀ mọ́ ìgò. Wọn ò tiẹ̀ kà á kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́, torí ó dá wọn lójú pé àwa náà ò ní kà á.

A yí ìdí rẹ̀ wò. Nọ́ńbà tí iléeṣẹ́ fi ń dá ẹrù tí wọ́n ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà mọ̀, tí wọ́n ń pè ní bátìṣì, sábà máa ń wà lára páálí àti lára ìgò, kì í sì í yàtọ̀. Tiwa wà lára páálí. Lábẹ́ ìgò, wọ́n ti fi nǹkan ha á, ẹyọ 3 kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù. Nọ́ńbà NAFDAC wà níbẹ̀ lóòótọ́, a sì tẹ̀ ẹ́ sínú Greenbook, ìwé ọjà tí NAFDAC gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà ọṣẹ ìwẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹ má wulẹ̀ wò ó pé nọ́ńbà wà. Ẹ wò ó bóyá orúkọ ọjà tó wà lọ́wọ́ yín ló jáde.

Níbo ni wọ́n ti ń rí ìgò? Ọwọ́ wa ni. Àwọn kan ń ra ìgò òfìfo lọ́wọ́ àwọn tó ń kun ojú àti ní ilé ìṣerun, ìgò lọ́fínńdà náà ń bá a lọ. Láti òní lọ, bí tèmi bá tán, mo ń fọ́ ọ ni, mo sì ń ya páálí rẹ̀ kí n tó dà á nù. Ẹ bá mi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri pé paraben, májèlé ni, àwọn tó ń ta àpòpọ̀ ilé sì ti fi í ṣe ìpolówó pé tàwọn ò ní kẹ́míkà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́. Iṣẹ́ methylparaben àti phenoxyethanol ni láti dá kòkòrò àrùn dúró nínú ohun tó bá ní omi nínú. Mo bẹ̀rù ìgò olómi tí kò ní ohun tó ń dá kòkòrò dúró ju èyí tó ní in lọ. Omi tí ẹ bá gbé sílẹ̀ nínú ooru Abẹ́òkúta fún oṣù méjì, ẹ mọ ohun tó máa dà, ojú lẹ sì fẹ́ fi í kùn.

Ìpara èènì yẹn ńkọ́? Kò sí nǹkan kan lára ike rẹ̀ ju àwòrán òdòdó lọ. Apòògùn sọ pé láìjẹ́ pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ilé àyẹ̀wò, òun ò lè búra nípa ohun tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tó mọ́ láàárín ọjọ́ márùn-ún, tó sì tú ká nígbà tí wọ́n fi í sílẹ̀, ìwà sítẹ́rọ́ọ̀dù, oògùn tó ń mú kí ara tó pọ́n tàbí tó wú rọlẹ̀, ló jọ. Clobetasol àti betamethasone wà lára wọn, dókítà ló yẹ kó kọ wọ́n fún èèyàn. Ẹni tó bá ti ń lo irú rẹ̀ pẹ́, kó má kàn dá a dúró lójijì, kó lọ rí dókítà. Wọ́n ti rí mẹ́kúrì, irin olómi tó jẹ́ májèlé, nínú ọ̀pọ̀ ìpara abóra mìíràn. Ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó ń dé ọmọ inú oyún, ó sì lè ti ara táwẹ̀lì àti ìrọ̀rí ran àwọn ará ilé tí kò fọwọ́ kan ìpara náà rí. Àdéhùn Minamata, àdéhùn àgbáyé lórí mẹ́kúrì tí Nàìjíríà wà lára àwọn tó fọwọ́ sí i, ti ní pé lẹ́yìn 2020, kí wọ́n má ṣe ṣe ìpara tí mẹ́kúrì inú rẹ̀ bá ju ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan lọ mọ́, kí wọ́n má sì kó o wọ ìlú tàbí kó o jáde. Bí ẹ bá rí calomel, mercurio, mercuric iodide tàbí ohunkóhun tó bá ní mercur nínú, ẹ dá a padà. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé kí ẹ má jẹ́ kó kan góòlù, fàdákà tàbí rọ́bà, àmì mẹ́kúrì nìyẹn pẹ̀lú.

Ó wá ku tìróò. Èyí ló dùn mí jù, torí kì í ṣe àgbà nìkan ló ń lé e. Èyí tí mo rà wà nínú ọ̀rá kékeré, ó ń dán yinrinyinrin, ó sì wúwo ju bó ṣe kéré lọ. Wíwúwo yẹn ni kí ẹ wò. Òkúta òjé ni wọ́n ń lọ̀ ṣe ọ̀pọ̀ tìróò tó wà lọ́jà. Lọ́dún 2011, ní Boston l'Amẹ́ríkà, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n wádìí, tìróò tí wọ́n mú láti ilé ni wọ́n ń lé fún un. Wọ́n yẹ tìróò náà wò: nínú gíráàmù 100, gíráàmù 82.6 ló jẹ́ òjé. Òjé kan náà ló pa ọmọdé tó ju 400 lọ ní Zamfara láti ọdún 2010, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta góòlù. Ọmọdé a fọwọ́ nu ojú, a sì ki ọwọ́ náà bọ ẹnu, ọpọlọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà ni òjé ń bà jẹ́. Ẹ̀yin ìyá àgbà wa, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni ẹ fi ń lé e fún ọmọ ìkókó, wọ́n lé e fún èmi náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ojú ọmọ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń lé e fún ọmọ, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Mo pe obìnrin yìí. Ó kọ́kọ́ ní, “Mọ́mì, ara ìyàwó ni kò gbà á.” Mo bi í léèrè nípa àwọ̀ méjì tó wà lọ́rùn ìgò, ó ní wọn kì í dá owó ọjà tí wọ́n bá ti ṣí padà. Kó tó di alẹ́, ó ti bulọ́ọ̀kù mi. Òfin àwọn oníbàárà tọdún 2018 fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó ní àléébù padà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi “a kì í dá owó padà” dẹ́rù bà yín. Ẹ tọ́jú rìsíìtì àti ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ lórí fóònù. Mo kó tèmi fún NAFDAC pẹ̀lú ìgò kan.

Àbúrò mi ṣe ìgbéyàwó rẹ̀. Dókítà ní kó má kun nǹkan kan, àtíkè fẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ló lò, ó sì fi aṣọ ìbòjú bo ibi tó pọ̀ jù. Ojú rẹ̀ ti ń padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ lápá òsì ṣì ń pọ́n bí oòrùn bá pa á.

Ìgò kejì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé e sí ìsọ̀ mi ní Ìtòkú, lórí pẹpẹ àdìrẹ, pẹ̀lú páálí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí bí àwọ̀ méjì ṣe ń wà lọ́rùn ìgò kan, kó yà. Bí ẹ bá ní tiyín tó ń kọ yín lóminú, ẹ gbé e dání, kí a jọ kà á.