Wọ́n pàgọ́ fún wa ní ẹsẹ̀ òkè Quéribus, ẹ̀fúùfù sì tú u

Èèkàn oníke ni ilé iṣẹ́ ìrìn-àjò tí a sanwó fún fi kan àgọ́ wa mọ́lẹ̀. Oníke, lórí ilẹ̀ olókùúta, ní agbègbè Corbières ní gúúsù Faransé, níbi tí ẹ̀fúùfù tí wọ́n ń pè ní tramontane ti ń fẹ́ débi pé igi ibẹ̀ ń dàgbà ní títẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé oòrùn àti wáìnì nìkan ni àwọn tó kọ àgbéyẹ̀wò ṣáájú mi ń sọ. Ta ni kò mọ̀ pé oòrùn wà níbẹ̀?

Ètò tí ilé iṣẹ́ yìí tà fún wa dùn létí: ẹ kó aṣọ yín nìkan wá, ẹ ó bá àgọ́ ní pípa, bọ́ọ̀sì kékeré yóò máa gbé yín lọ síbi àlàpà àwọn ilé olódi ayé àtijọ́, afinimọ̀nà yóò sì wà pẹ̀lú yín. Èmi, bàbá àwọn ọmọ mi àti àbíkẹ́yìn wa obìnrin la gbéra láti London.

Òru ni ẹ̀fúùfù bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ tí okùn kan já, òmíràn tẹ̀ lé e, aṣọ òde àgọ́ bá gbéra, ó ń lù gbà-gbà-gbà lórí wa. Ọkọ mi di apá kan mú, ọmọ di apá kejì, èmi gbé fóònù. Nọ́ńbà tí wọ́n ní a lè pè tọ̀sán-tòru ni mo pè. Lẹ́yìn orin gígùn kan, ọmọkùnrin kan gbé e. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe lọ gan-an. Ó pe orúkọ mọ́ mi lórí, èmi tí mo lè bí i, ó ní ṣé mo ń gbádùn ìrìn-àjò mi. Mo ní ẹ̀fúùfù ń gbé àgọ́ wa lọ. Ó ní pẹ̀lẹ́, kí n ya fọ́tò àgọ́ náà kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ hàn, kí n fi ránṣẹ́ lórí áàpù. Mo ní òkùnkùn ti ṣú, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò sì sí lójú kan mọ́. Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà. Ó ní tí kò bá ti sí fọ́tò, òun ò lè gba ẹ̀sùn wọlé. Mo bi í bóyá ó mọ ibi tí Cucugnan wà, ìyẹn abúlé tí a pàgọ́ sí. Ó ní ohun tí òun rí níwájú òun ni pé wọ́n ti yẹ àgọ́ wa wò, kò sì ní àléébù.

Mo pa fóònù. Mi ò ní kọ ohun tí mo sọ síbí, ọmọdé lè kà á.

Baba tó ni ilẹ̀ ibùdó náà ló yọ wá. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn o, wọ́n kàn ń háyà ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ó jáde tòun ti aṣọ ìsùn àti bàtà rọ́bà, ó gbé agolo kan dání, irin kọnkéré tó gé ní gígùn apá ló kún inú rẹ̀, orí gbogbo wọn tẹ̀ kọ́dọ́rọ́. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé tiwa kò sì kọjá ẹ kú àárọ̀. Ó fa èèkàn oníke kan yọ, ó yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì, ó fi ìka méjì ṣẹ́ ẹ, ó jù ú nù. Ló bá fi òòlù kan irin tiẹ̀ wọlẹ̀. Kò kàn án ní òòró, ó dà á gun kí orí rẹ̀ lè kẹ̀yìn sí àgọ́. Okùn le dandan. Ọkọ mi nawọ́ owó sí i, kò gbà á. Àwọn ará Netherlands tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn tí wọ́n ń wò wá. Afẹ́fẹ́ tó ń da ológì láàmú, kí elélùbọ́ yáa palẹ̀ mọ́: kí baba tó padà wọlé, wọ́n ti bẹ̀ ẹ́ pé kó fún àwọn náà ní irin.

Ká ní kì í ṣe ti afinimọ̀nà tó dé láàárọ̀ ni, ilé là bá gbà lọ. Obìnrin tó ti hewú ni, ó ti kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìtàn rí. Ó wo ojú wa, ó gbé kọfí gbígbóná jáde kó tó bèèrè ohunkóhun, ó sì yí ètò ọjọ́ náà padà kí a lè sùn díẹ̀. Ìrọ̀lẹ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ ti rọlẹ̀ díẹ̀, ló tó kó wa lọ sí Quéribus.

Ṣóńṣó òkúta ni ilé olódi yìí jókòó lé, ní 728 mítà, àtẹ̀gùn ibẹ̀ kò sì mọ̀ pé èèyàn ń dàgbà. Ní gbogbo ibi tí a bá ti sinmi ni màdáámù yìí ti ń fi ìtàn díẹ̀ kún un. Pé ní 1209 ni ogun tí Póòpù Innocent Kẹta gbé dìde sí àwọn Cathar bẹ̀rẹ̀, Kristẹni tí ṣọ́ọ̀ṣì Róòmù kà sí aládàámọ̀. Pé ní Montségur, ilé olódi kan tí wọ́n sá sí, ọjọ́ 16 oṣù Kẹta 1244, wọ́n dáná sun èèyàn tó lé ní igba tó kọ̀ láti sẹ́ ìgbàgbọ́ wọn. Pé 1255 ni Quéribus tó bọ́ sọ́wọ́ ọba Faransé.

Àmọ́ ẹ wo ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀. Orí ìwé ìpolówó ilé iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé ilé olódi àwọn Cathar la fẹ́ wò. Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, mo gbà. Ojú gbogbo wa ló sì ti sọ pé púpọ̀ nínú òkúta tí a ń wò yìí, àwọn ọba Faransé ló tò ó lẹ́yìn tí wọ́n ti gba ibẹ̀, kí wọ́n lè máa ṣọ́ Aragon, ìjọba kan lápá Sípéènì òde òní, nígbà tí àdéhùn Corbeil ti 1258 fi ààlà síbẹ̀. Pé nígbà tí àdéhùn 1659 sún ààlà Sípéènì lọ sórí òkè Pyrenees, àwọn ilé olódi yìí kò wúlò fún ọba mọ́, bí wọ́n ṣe di ahoro nìyẹn. Ó ní ilé iṣẹ́ kò fẹ́ kí òun máa sọ ọ́. Ó sọ ọ́ ṣá.

Inú ilé ìṣọ́ ńlá ibẹ̀ ni yàrá òpó wà. Òpó kan ṣoṣo, roboto, ló gbé òrùlé dúró, kò sì sí láàárín gbùngbùn; ẹ̀gbẹ́ kan ló yà sí, egungun òkúta sì fọ́n ká láti orí rẹ̀ lọ bá ògiri bí irin agbòòjò. Afẹ́fẹ́ tó fẹ́ gba fìlà lórí ọkọ mi lẹ́nu ọ̀nà, a ò gbúròó rẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Ọmọ mi, tí kò gbójú kúrò lára fóònù láti London, ló ń bèèrè ìdí tí òpó fi yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Màdáámù sì jókòó tì í, ó fi ìka yàwòrán ilé náà sínú eruku, ó fi hàn án pé ògiri ibẹ̀ kò gún régé nítorí pé bí òkúta òkè náà ṣe rí ni wọ́n ṣe mọ ọ́n. Lórí òrùlé, a rí òkun lápá ìlà-oòrùn, a rí òkè Canigou, a sì rí Peyrepertuse, ilé olódi mìíràn, lórí òkúta tiẹ̀ lọ́hùn-ún.

Ní ti Peyrepertuse, a dé ìdí àtẹ̀gùn tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta nígbà ayé ọba Louis Kẹsàn-án ni ààrá sán lókèèrè. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní kí gbogbo èèyàn sọ̀ kalẹ̀. Mo gbà, ta ló fẹ́ kú sórí òkè? Bùrẹ́dì ilé ọlọ́ afẹ́fẹ́ Cucugnan ni màdáámù fi tù wá nínú. Oúnjẹ ibùdó dára, kò lata. Omi gbóná. Iná ìdáná tí wọ́n yà sínú ìpolówó, tí tọkọtaya jókòó tì, irọ́ funfun ni: òfin kò gbà á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tó bá sì gbọ́ nípa iná tó jó Corbières ní oṣù Kẹjọ 2025, tó tó nǹkan bí 16,000 hẹ́kítà, kò ní bèèrè ìdí.

A padà délé tán ni ímeèlì wọn dé. Wọ́n ti yọ £120 nínú owó ìdúró wa nítorí aṣọ àgọ́ tó ya, àti nítorí pé "èèkàn tí kì í ṣe tiwa" ni wọ́n bá nídìí rẹ̀. Irin baba! Mo kọ̀wé, ẹlòmíràn dáhùn. Mo tún kọ, ẹlòmíràn, lẹ́tà kan náà, kódà àṣìṣe inú rẹ̀ kò yí padà. Nígbà tí mo pè, ọmọbìnrin kan gbé e, ó rí orúkọ mi, ohùn rẹ̀ sì yí padà: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Ẹ má bínú mà, wọn ò ní dá owó yẹn padà, mi ò lè parọ́ fún yín. Ẹ kọ àgbéyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má fún wa ní ìràwọ̀ kan, torí àwọn afinimọ̀nà ni wọ́n máa ń fi gé lówó."

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. £120 mi ṣì ń bẹ lọ́wọ́ wọn.