Ìkìlọ̀: Ẹ má sanwó ẹ̀kọ́ "Advanced PLC" kí ẹ tó fojú rí ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ fi kọ́ yín

Ẹ̀yin ẹnjiníà ẹlẹgbẹ́ mi, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ ní Ìkẹjà, Ọ̀tà, Àgbárá àti Ṣágámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Àwọn kan ń ta ẹ̀kọ́ onípò gíga lórí PLC, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́, kiri báyìí. Lórí ìwé ìpolówó wọn, ẹ ó rí S7-1500 (PLC iléeṣẹ́ Siemens ti Jámánì), TIA Portal (sọ́fíwíà tí a fi ń kọ ètò sí i), PROFINET (nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó so àwọn ẹ̀rọ pọ̀), SCL (èdè ìkọ ètò) àti PID (ọ̀nà ìdarí ẹ̀rọ), pẹ̀lú àwòrán pánẹ́ẹ̀lì tó ń dán gbinrin. Wọ́n á ní ààyè ti fẹ́ẹ̀ tán, kí ẹ tètè san ìdajì owó. Àkáǹtì tí wọ́n á fún yín, orúkọ ẹnìkan ló máa wà lórí rẹ̀, kì í ṣe orúkọ iléeṣẹ́.

Ọmọkùnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ san owó yìí. Ó ju owó oṣù rẹ̀ lọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bá a fi kún un. Nígbà tó débẹ̀, PLC kan ṣoṣo ló bá, S7-200 àtijọ́ tí wọ́n kàn mọ́ pátákó, gbogbo kíláàsì sì rọ̀gbà yí i ká. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí á ti rí ibi tí irọ́ wà. TIA Portal kò mọ S7-200 rí rárá. Sọ́fíwíà tirẹ̀ lọ́tọ̀, STEP 7-Micro/WIN, la fi ń kọ ètò sí i. Ohun tí wọ́n ń kọ́ lórí láptọ́ọ̀pù kò wá lọ́nà tó lè gbà wọnú ẹ̀rọ tó wà níwájú wọn. Orí PLCSIM, ìyẹn PLC àfarawé inú kọ̀ǹpútà, ni gbogbo rẹ̀ parí sí. Ó béèrè, olùkọ́ ní kò sí ìyàtọ̀.

Ìyàtọ̀ wà! PLCSIM dára, èmi náà máa ń fi dán ètò wò kí n tó gbé e lọ sórí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n wáyà kì í já nínú PLCSIM. Nínú ilé iṣẹ́, wáyà sẹ́ńsọ̀ 4–20 mA, ìyẹn èyí tó ń fi iná láàárín 4 sí 20 mA ròyìn ohun tó ń wọ̀n, máa ń já, àmì rẹ̀ á sì bọ́ sí òdo. Ìdí tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ láti 4 nìyẹn, kí ẹ̀rọ lè mọ̀ bóyá táǹkì ló gbẹ tàbí wáyà ló já. Wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀rọ PROFINET kan, wọn ò ní fún un lórúkọ, CPU, ìyẹn ọpọlọ PLC, á máa wá a kiri. Ìnfátà, ẹ̀rọ tó ń darí eré mọ́tò, tí wọ́n fa wáyà rẹ̀ mọ́ wáyà sẹ́ńsọ̀ á máa da nọ́ńbà rú. Irú nǹkan wọ̀nyí ni wọ́n ń torí ẹ̀ pè wá lóru, òun gan-an sì lẹni tó sanwó ẹ̀kọ́ onípò gíga fẹ́ mọ̀.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ parí, wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí tí àmì Siemens wà lókè rẹ̀ gàdàgbà, wọ́n sì tún ní kó mú owó mìíràn wá kí wọ́n lè fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Jámánì. Ẹ jọ̀ọ́, Siemens ní ẹ̀ka ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀, SITRAIN lorúkọ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun ń ṣojú wọn, ẹ kọ̀wé sí Siemens fúnra yín, ẹ béèrè. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi nọ́ńbà CAC tàn yín. Ohun tí ìyẹn sọ kò ju pé orúkọ iléeṣẹ́ wà nínú ìwé ìjọba lọ.

Ohun tó dùn mí jù ni fíláàṣì tí wọ́n pín fún wọn. TIA Portal tí wọ́n já ààbò rẹ̀ kí wọ́n lè lò ó láìsanwó ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ní ó máa ṣiṣẹ́ títí láé. Èyí tí Siemens fúnra rẹ̀ ń fúnni dánwò lọ́fẹ̀ẹ́, ọjọ́ 21 ló ń lò. Ẹni tó já ààbò sọ́fíwíà, ta ló mọ ohun mìíràn tó kì sínú rẹ̀? Ní 2010 ni àṣírí Stuxnet, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan, tú. Orí fíláàṣì ló ń gbà wọnú kọ̀ǹpútà, á wá STEP 7, sọ́fíwíà Siemens tí wọ́n fi ń kọ ètò PLC, rí, á sì yí ètò inú PLC padà láìjẹ́ kí ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà rí i. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ lórí yuréníọ̀mù ní Natanz, ní Iran, ló bà jẹ́. Láptọ́ọ̀pù tí ẹ fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn lẹ máa fi so mọ́ pánẹ́ẹ̀lì ọ̀gá yín lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò CPU náà ránṣẹ́, kí nọ́ńbà ara rẹ̀ hàn kedere. Ti S7-1500 ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 6ES7 5, ti S7-300 pẹ̀lú 6ES7 3. Ẹ ṣọ́ra níbi 6ES7 2, torí S7-200 àti S7-1200 jọ ń lò ó ni. Ojú ihò wáyà lẹ máa fi mọ̀ wọ́n: S7-1200 ní ihò wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì lára, S7-200 ní ihò onípín mẹ́sàn-án. Ẹ béèrè iye ènìyàn tó máa lo ẹ̀rọ kan.

Lẹ́yìn náà, ẹ pe olùkọ́ fúnra rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ń gbowó. Ẹ bi í pé kí ni 27648. Iye tí mọ́dù analog, ìyẹn apá tó ń gba àmì sẹ́ńsọ̀, ń fún CPU S7-1500 nígbà tí àmì bá kún dé 20 mA ni, lórí S7-200, 32000 ni. Ẹ tún bi í pé bí ibùdó kan lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá kú, tí kò sì sí OB86, ìyẹn apá ètò tó ń dáhùn sí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, nínú ètò, kí ló máa ṣẹlẹ̀. S7-300 máa bọ́ sí STOP, ìyẹn pé á dáwọ́ iṣẹ́ dúró, S7-1500 kò ní bọ́ sí i. Ẹni tó ti dúró ti ẹ̀rọ rí kò ní ronú lórí rẹ̀ pẹ́. Bó bá ń yí ọ̀rọ̀ padà, ẹ gbé owó yín sápò.

Ẹ̀yin tí owó ò tíì tó lọ́wọ́ yín, CODESYS, sọ́fíwíà ìkọ ètò PLC, wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún kíkọ́, ó ń lo àwọn èdè inú IEC 61131-3, ìlànà àgbáyé fún èdè PLC, bí i ladder àti structured text, ó sì ní PLC àfarawé tirẹ̀. Siemens náà kó ìwé ẹ̀kọ́ SCE, ètò rẹ̀ fún àwọn ilé ẹ̀kọ́, síta lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì dára gan-an.

Bí ẹ bá ti sanwó fún irú wọn, ẹ lọ bá báǹkì yín lónìí, ẹ kọ ẹ̀sùn sí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ẹ má sì pa ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ lórí WhatsApp rẹ́. Bí ẹ bá ti gbé sọ́fíwíà wọn sórí láptọ́ọ̀pù, ẹ nu gbogbo rẹ̀ kúrò, ẹ tún Windows gbé sí i látìbẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó so ó mọ́ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ kankan.