Pọ́ǹpù tí wọ́n fi ń dán rédíétọ̀ wò: ohun tó ṣe lára Camry mi tó ń gbóná

Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín ti dàgbà, tó ń gbóná, tí wọ́n tún un ṣe tó tún ń gbóná, tí mẹkáníìkì sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ top gasket (èyí tó wà láàárín hẹ́ẹ̀dì àti ara ẹ́ńjìnnì) fún yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì yẹn. Irinṣẹ́ kan wà tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbé lé ẹnu rédíétọ̀ yín. Pọ́ǹpù ọwọ́ ni, géèjì wà lórí rẹ̀. Láti ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni tèmi ti wà nínú búùtù. Mo ti lò ó lára ọkọ̀ mi, àwọn ará àdúgbò wa ní Tanke náà sì ti yá a lò.

Camry 1999 ni mo ń wà, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí tiny light, ẹ́ńjìnnì 5S-FE, 2.2 lítà. Ìlọrin ni mo ń gbé, Òmù-Àrán ni iṣẹ́ mi wà. Nínú ìlú, ọkọ̀ yìí kì í yọ mí lẹ́nu rárá. Mo lè há sínú gosiló Post Office lọ́sàn-án gangan, ọwọ́ géèjì kò ní kúrò láàárín. Àmọ́ tí mo bá ti já sí ọ̀nà Àjàṣẹ́, tí mo kọjá Gánmọ, tí eré bẹ̀rẹ̀, kí n tó dé Ìdọ̀fìàn ọwọ́ géèjì á ti máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá ní kí n rọ́jú dé Àjàṣẹ́, á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan H. Tí ẹ́ńjìnnì bá wá tutù tí mo ṣí rédíétọ̀, omi á ti dín. Bẹ́ẹ̀ ni abẹ́ ọkọ̀ á gbẹ táútáú.

Ìtọ́jú tí ọkọ̀ yẹn ti gbà kì í ṣe kékeré. Wọ́n pààrọ̀ rédíétọ̀ sí tòkúnbọ̀. Ríwáyà so fáànù ní tààrà kó lè máa yí láti ìgbà tí mo bá ti tan ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ mo ti sọ fún un pé ojú ọ̀nà ló ti ń gbóná, kì í ṣe inú gosiló. Ọkọ̀ tó ń gbóná nínú gosiló, tí ara rẹ̀ ń balẹ̀ bó bá ń sáré, fáànù rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Èyí tó ń gbóná lórí eré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ti ń ṣe iṣẹ́ fáànù fún un, ibòmíràn ni kí ẹ yẹ̀ wò: bóyá omi kò yí ká dáadáa, bóyá ó ń jò, bóyá inú rédíétọ̀ ti dí. Ẹlòmíràn yọ thermostat, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí ọ̀nà omi bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, sọ nù, ó ní ilẹ̀ wa gbóná, àwọn òyìnbó ló nílò rẹ̀. Lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan, ara ọkọ̀ á yá díẹ̀, pàápàá bí òjò bá rọ̀ tí ojú ọjọ́ tutù, á tún padà sí ìwà rẹ̀.

Ẹni tó dé orí top gasket ti ka ìnáwó fún mi: gasket, owó ẹni tó máa lọ ojú hẹ́ẹ̀dì kó tẹ́jú, ọ́ìlì tuntun, owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Owó pọ́ǹpù yìí kò tó ìdá mẹ́rin rẹ̀. Mo rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọkọ̀ akérò sì gbé e wá sí Ìlọrin.

Inú àpótí ike ló ń wà: pọ́ǹpù, họ́ọ̀sì, àti oríṣiríṣi ẹnu tí a ń dé mọ́ rédíétọ̀, tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ síra nítorí pé ẹnu rédíétọ̀ kì í ṣe ìwọ̀n kan náà. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Tutù tí mo wí ni pé kí ẹ lè gbé àtẹ́lẹwọ́ lé rédíétọ̀ kí ẹ sì fi síbẹ̀. Omi gbígbóná tó bá tú jáde lẹ́nu rédíétọ̀ ń bó ènìyàn lára. Ẹ rọ omi kún dé ẹnu, ẹ dé èyí tó bá a mu mọ́ ọn, ẹ so họ́ọ̀sì, ẹ wá máa fún un ní atẹ́gùn bí ẹni ń fún táyà kẹ̀kẹ́, títí yóò fi dé iye tí wọ́n kọ sórí ìdérí rédíétọ̀. 0.9 ló wà lórí tèmi, ìyẹn bar 0.9, tó jẹ́ nǹkan bíi psi 13 (bar àti psi ni wọ́n fi ń wọn agbára atẹ́gùn). Ẹ má kọjá ibẹ̀, torí ike orí rédíétọ̀ tó ti gbó lè là. Lẹ́yìn náà, ẹ káwọ́ kúrò, ẹ máa wo géèjì. Tí kò bá síbi tó ń jò, kò ní kúrò lójú kan.

Ó yẹ kí ẹ mọ ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì. Omi inú rédíétọ̀ kò gbọ́dọ̀ hó ní ìwọ̀n Celsius 100 bíi ti inú ìkòkò. Ìdérí yẹn ló sé atẹ́gùn mọ́ ọn, tí agbára rẹ̀ bá sì tó bar 0.9, ó di nǹkan bíi 118 kí omi tó hó. Ibi yòówù tí agbára yẹn bá ti ń sá jáde, omi á tètè hó. Ibi tó ń jò wẹ́rẹ́ sì lè jẹ́ pé ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná nìkan ló ń jò, ara ẹ́ńjìnnì ni omi náà sì ti ń gbẹ kó tó kan ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí abẹ́ ọkọ̀ mi fi ń gbẹ.

Ọ̀dọ̀ Àáfà tó ń bá mi tún ọkọ̀ ṣe báyìí ni a ti dán an wò. Ọwọ́ géèjì dúró lórí 13 fún ìgbà díẹ̀, ó bọ́ sí 12, ó ń lọ sí 11. A tọ́ gbogbo họ́ọ̀sì, wọ́n gbẹ. Rédíétọ̀ gbẹ. Àáfà bẹ̀rẹ̀, ó na ọrùn sí ìsàlẹ̀ níbi tí bẹ́líìtì wà, lápá ti pásẹ́ńjà. “Ọ̀gá, ẹ bá mi tan iná fóònù yín síbí.” Mo tàn án. Lẹ́bàá etí ìbòrí timing belt, nǹkan kan tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ti gbẹ mọ́ irin, coolant tó ti jò tipẹ́ ló fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀. Nísàlẹ̀ rẹ̀, omi kan kó jọ, ó so rọ̀, ó kán. Òmíràn tún ń kó jọ. Àáfà ní, “Water pump ni. Ẹ ò rí i, ẹ́ńjìnnì ò tiẹ̀ tíì ṣiṣẹ́.” Nínú ẹ́ńjìnnì yìí, timing belt ló ń yí water pump, ìyẹn pọ́ǹpù tó ń mú omi yí ẹ́ńjìnnì ká, ẹ̀yìn ìbòrí ló wà, kò sí ojú tó lè tètè rí i.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú irinṣẹ́ yìí ni pé ó ń dán ìdérí pàápàá wò. A so ìdérí rédíétọ̀ tòkúnbọ̀ yẹn mọ́ ọn. Psi 5 péré, ó ti tú atẹ́gùn sílẹ̀. Ní psi 5, nǹkan bíi 108 ni omi á ti hó! Gbogbo ẹni tó tún ọkọ̀ yẹn ṣe ló ṣí ìdérí náà tí wọ́n sì dé e padà, kò sí ẹni tó fura sí i.

Ti top gasket ńkọ́? A fi agbára yẹn sílẹ̀ lórí omi, a yọ plug mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a yẹ inú wọn wò. Kò sí èyí tó tutù. A tún tan ọkọ̀ pẹ̀lú pọ́ǹpù lórí rẹ̀, nítorí bí èéfín sílíńdà bá ń wọ inú omi, ọwọ́ géèjì á fò sókè kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná rárá. Kò fò. Kí n sọ òtítọ́, pọ́ǹpù yìí kò lè dá ẹjọ́ gasket parí, torí èyí tó là fín-ín-fín lè jẹ́ ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná gan-an ni yóò ṣí. Bí iyèméjì bá ṣẹ́ kù, omi aláwọ̀ búlúù kan wà tí wọ́n ń gbé lé ẹnu rédíétọ̀. Bí èéfín bá kàn án, á di yẹ́lò.

Ọ̀rọ̀ thermostat ló dùn mí jù, torí gbogbo ìgboro ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Nínú irú Toyota yìí, bó bá gbóná tó bíi 82, ó ń ṣí ọ̀nà rédíétọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń dí ọ̀nà àbùjá tí omi ń gbà padà sínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ yọ ọ́, ọ̀nà àbùjá wà ní ṣíṣí gbayawu, apá kan omi kò ní dé rédíétọ̀ mọ́. Ẹni tó ní òun ń dín ooru kù ń fi kún un ni. Mo ra tuntun ní Táíwò, mo sì kọ́kọ́ fi sínú omi lórí sítóòfù nílé láti rí i pé ó ń ṣí. Ìṣó kékeré tó wà létí rẹ̀, òkè ni kí ẹ kọjú rẹ̀ sí kí atẹ́gùn lè ráyè jáde.

A pààrọ̀ water pump àti timing belt pọ̀, a fi ìdérí 0.9 tuntun, a dá fáànù padà sórí switch rẹ̀, a rọ coolant dípò omi ẹ̀rọ. A tún fún un ní atẹ́gùn dé 13, Àáfà sì lọ kírun Alásárì. Nígbà tó dé, ọwọ́ géèjì kò kúrò lójú kan. Láti ìgbà náà mo ti ń lọ Òmù-Àrán, mo ń bọ̀, nínú oòrùn oṣù Ẹrẹ́nà, kò kúrò láàárín.

Àléébù rẹ̀ wà. Ìwé ìlànà inú rẹ̀ kò yé ènìyàn, ẹnu tó yẹ kó bá Golf aládùúgbò mi mu kò wọ̀ ọ́ rárá, ibi tí họ́ọ̀sì ti so mọ́ pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ sì lè máa jò kí ẹ rò pé ọkọ̀ ló ń jò. Ẹ fi omi ọṣẹ pa ibẹ̀ kí ẹ tó gba géèjì gbọ́. Rọ́bà kékeré inú àwọn ẹnu rẹ̀ ń tètè gan nínú ọyẹ́. Mo fún un ní ìràwọ̀ 4 nínú 5. Bí ẹ bá ti ń rà á, ẹ ra rọ́bà mélòó kan mọ́ ọn.