Áńdù gbọọrọ àbí áńdù oníwo: èwo ló tura jù lórí báìsíkù?

Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń gun báìsíkù onítáyà tẹ́ẹ́rẹ́, tí ọwọ́ ń dùn yín, tẹ́ẹ wá fẹ́ pààrọ̀ áńdù, ẹ dúró ná. Mẹ́ta ni mo ti lò lórí kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ kan náà: oníwo gígùn tó bá a wá, gbọọrọ tó nà tààrà láìní ìwo, tí mo fowó ara mi ra wàhálà sí, àti oníwo kúkúrú tó wà lórí ẹ̀ báyìí.

Oníwo gígùn, ìwo àgbò gan-an ni, ó ká wálẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 14 sí 15. Kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ló sábà máa ń ní in. Ẹni tí ẹ̀yìn ẹ̀ ṣì rọ̀ tó fẹ́ sá fún atẹ́gùn lè gbádùn ẹ̀. Èmi ò lè tẹ̀ débẹ̀, torí náà òkè ni mo máa ń gbá mú látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mọ́níyà sí Ọ̀yọ́ ni mo ń gùn láàárọ̀ Sátidé, kí n tó dé Fìdítì ìka kékeré àti èyí tó tẹ̀ lé e á ti kú tipiri. Lọ́jọ́ kan mo dúró ra ọsàn, ìyá ọlọ́sàn bó o tán, ó gé e lórí, ó nà án sí mi, ló bá bọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ṣé kì í ṣe rọpárọsẹ̀?" Iṣan kan ló gba ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lọ sí ìka méjèèjì yẹn, tẹ́ẹ bá gbé gbogbo ara lé e fún wákàtí kan, ohun tẹ́ẹ máa rí nìyẹn.

Mo wá pinnu pé gbọọrọ ni oògùn ẹ̀. Ibí ni kẹ́ẹ ti fetí sílẹ̀ dáadáa o.

Àárín áńdù, níbi tí irin ọrùn (èyí tó so áńdù mọ́ kẹ̀kẹ́) ti di í mú, bó ṣe nípọn tó níbẹ̀, oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀ lọ́jà: mìlímítà 25.4, 26.0, àti 31.8. Ti 31.8, ojú lásán lẹ máa fi mọ̀ ọ́n. Àwọn méjì tó kù ló máa ń pani lẹ́kún, torí mìlímítà kan ò sí láàárín wọn. Ti kẹ̀kẹ́ mi, 26.0 ni, mo lọ ra 25.4, ẹni tó tà á búra pé ó máa wọlé. Ó wọlé lóòótọ́! Bàbá rípíàrà wò ó, ó mi orí, ó ní, "Ọmọ mi, wọ́n jọra lójú ni, wọn ò bára mu o." Ó gé páànù agolo mílíìkì, ó fi há a, mo gbéra. Mo ń sọ̀ kalẹ̀ láti Mókọ́lá, mo kó sí kòtò kékeré kan, áńdù yí wálẹ̀ lọ́wọ́ mi, máíkírà kan wà lẹ́yìn mi tó ń fọn fèrè. Ọlọ́run ló yọ mí. Bí mo ṣe tún irin ọrùn rà nìyẹn.

Kò tíì tán. Ọwọ́ bíréèkì ti oníwo, irin mìlímítà 23.8 ni wọ́n ṣe é fún, gbọọrọ sì jẹ́ 22.2, torí náà ọwọ́ bíréèkì tuntun, ọwọ́ gíà tuntun. Mo ra ti kẹ̀kẹ́ olókè (mountain bike), mi ò mọ̀ pé wáyà tí ìyẹn máa ń fà pọ̀ ju èyí tí bíréèkì kẹ̀kẹ́ mi fẹ́ lọ. Ó le gbagidi, mo ń fún un bí ẹni ń fún gàrí, kẹ̀kẹ́ ò dúró. Mo tún òmíràn rà. Nígbà tí mo ṣírò ẹ̀, ó ti tó ìdajì owó tí mo fi ra kẹ̀kẹ́ fúnra ẹ̀.

Ṣé ó wá tura? Nígboro, bẹ́ẹ̀ ni, mi ò ní parọ́. Ẹ máa nàró, ẹ máa rí iwájú, bíréèkì wà lábẹ́ ìka yín nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ bá ti gùn ju wákàtí kan lọ, ibì kan ṣoṣo lọwọ́ lè wà. Ìka mi tún kú, ní Fìdítì náà.

Oníwo kúkúrú ni wọ́n ń pè ní compact. Kì í ká wálẹ̀ ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 13 lọ, kì í sì nà síwájú púpọ̀. Ọwọ́ bíréèkì àtijọ́ mi padà sórí ẹ̀ láìná kọ́bọ̀. Mo lè di òkè mú, mo lè di orí bíréèkì mú, mo sì lè dé ìsàlẹ̀ nísinsìnyí, bí ibì kan bá rẹ̀ mí mo bọ́ sí òmíràn. Kẹ́ẹ tó rà á, ẹ wọn ibi tí irin ọrùn yín ti di áńdù mú, ẹ tún wọn egungun èjìká sí egungun èjìká, kẹ́ẹ wá èyí tó bá a mu. Ẹ bi wọ́n bóyá láti àárín irin sí àárín irin ni wọ́n ti wọn fífẹ̀ ẹ̀ àbí láti etí ìta sí etí ìta, torí ó máa ń fi bíi sẹ̀ǹtímítà 2 yàtọ̀.

Tẹ́ẹ̀pù tí wọ́n ń wé mọ́ áńdù: ẹ wé e ní ìlọ́po méjì, kò wọ́n. Áńdù tòkunbọ̀ tí wọ́n fi kábọ́ọ̀nù ṣe: ẹ má dán an wò, ó lè ti sán lábẹ́ tẹ́ẹ̀pù. Ìjókòó: bí imú ẹ̀ bá dojú kọlẹ̀, ọwọ́ lẹ máa fi gbé ara, ẹ tún un ṣe ná kẹ́ẹ tó náwó rárá.

Kálukú ló mọ ibi tó ń lọ. Ẹni tó jẹ́ pé ilé sí ọ́fíìsì ni, gbọọrọ ò burú, ṣùgbọ́n kó ra kẹ̀kẹ́ tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ẹni tó bá kọjá wákàtí kan, tí oníwo gígùn sì ti wà lórí kẹ̀kẹ́ ẹ̀, kúkúrú ni, gbogbo ọwọ́ bíréèkì àti gíà tó ti ní ló máa wọ̀ ọ́. Gbọọrọ tèmi ṣì wà nílé, ìyàwó mi so ó mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, aṣọ la fi ń kọ́.