Òróró kédárì ló gba ipò káńfọ̀ nínú àpótí aṣọ mi

Sányán ìyá mi ló sọ mí di ẹni tó ń wá òróró kédárì kiri. Mo ṣí àpótí, mo ka ihò mẹ́jọ, ọ̀kan nínú wọn gba ọmọ ìka mi. Láti ara ìtẹ́ kòkòrò inú igbó la ti ń rí òwú sányán, irú òwú bẹ́ẹ̀ sì wà lára ohun tí ìdin àfòpiná ń jẹ.

Káńfọ̀ là ń lò nílé wa l'Ébùté-Mẹ́ta tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọmọ mi bímọ, nọ́ọ̀sì kìlọ̀ fún wa: àwọn ọmọ kan wà tí G6PD, èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, ò tó lára wọn. Káńfọ̀ inú aṣọ lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ irú wọn, ojú wọn á pọ́n rúsúrúsú, ibà pọ́njú náà sì lè ba ọpọlọ wọn jẹ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo kó gbogbo rẹ̀ dànù. Kòkòrò wá ráyè.

Ìgò àkọ́kọ́ tí mo rà lọ́jà, ₦3,500, dùn mí. Òórùn lọ́fínńdà ló ń ta. Mo kán an sórí bébà, ọjọ́ kẹta òróró ṣì wà níbẹ̀, mo wá fura pé wọ́n ti fi òróró mìíràn lú u.

Èkejì, mílílítà 30 ní ₦9,000, ni mò ń yìn. Wọ́n kọ orúkọ igi sí i lára: Juniperus virginiana. Kì í ṣe kédárì Lẹ́bánónì tí Sólómọ́nì fi kọ́ tẹ́ḿpìlì o. Igi Amẹ́ríkà ni, ẹbí ọ̀tọ̀. Cedrus atlantica ti Mòrókò ló bá ti Lẹ́bánónì tan. Bí mo ṣe ṣí ìdérí báyìí, òórùn pẹ́ńsù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi abẹ gbẹ́ ló kọlu imú mi. Àṣé igi yìí ni wọ́n fi ń ṣe pẹ́ńsù láyé àtijọ́!

Ẹ má kán an sára aṣọ, yóò fi àmì sílẹ̀. Mo kọ́kọ́ ń sá aṣọ sóòrùn, mo ń gbọn gbogbo ìṣẹ́po rẹ̀, torí pé ìdin kéékèèké lòróró yìí ń dà láàmú, apá rẹ̀ ò ká èyí tó ti dàgbà. Lẹ́yìn náà, ẹ̀kán márùn-ún sórí èérún igi tí a kò kùn, mo fi àkísà wé e, ó di igun àpótí. Bí òórùn bá ti rẹlẹ̀, lẹ́yìn bí oṣù kan, mo tún un kán. Oṣù mẹ́jọ rèé, n ò rí ihò tuntun.

Ní ti àwọn tó ń fi òróró kédárì tọ́jú irun, àyẹ̀wò kan wáyé ní Scotland tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1998, fún àwọn tí irun wọn ń já lójú kọ̀ọ̀kan lórí. Ó ṣiṣẹ́ fún 44 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n òróró mẹ́ta mìíràn ni wọ́n pò mọ́ kédárì, nítorí náà n ò lè fún un ní gbogbo ìyìn.

Aṣọ ọmọ-ọmọ mi ò sí nínú àpótí yẹn. Oòrùn àti áyọ́ọ̀nù nìkan ni mò ń lò fún un.